Ìrìn Àjò Mi Sínú Igbó Kòsóhùn Nítorí Ológbò Aláwọ̀ Eérú

Ẹ sún wọ abẹ́ àtíbàbà dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo jókòó síwájú, kí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí irun orí mi funfun bí òwú tó là lóko, ojú mi ti rí ohun tó yẹ kí ojú rí kó fọ́, etí mi ti gbọ́ ohun tó yẹ kí etí gbọ́ kó di, ṣùgbọ́n Ọba òkè kò jẹ́ kí ojú fọ́, kò sì jẹ́ kí etí di, kí n lè ròyìn fún yín.

Ọdẹ́rìnlọ ni orúkọ mi, ọmọ ìlú Òkè-Ẹ̀rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti òkè, tó kọjú sí igbó. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Agbárí ẹtu ni mo fi ṣeré ọmọdé, òórùn ẹ̀tù ìbọn ni mo gbọ́ kí n tó mọ òórùn ọbẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí ń láya, mo fẹ́ Ìbídùnní, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ẹnu ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, Àyọ̀ká, ọmọbìnrin tó jọ ìyá rẹ̀ bí ìmumu. Èéyi ló pa á ní ìgbà òjò kan. Láti ọjọ́ náà ni ilé mi ti di ibojì tó ní òrùlé. Ìyàwó mi kò sunkún mọ́, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́; bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò wò ó títí tí eṣinṣin yóò fi jẹ tirẹ̀ tán. Gbogbo àwọn àgbà obìnrin àdúgbò sọ̀rọ̀ títí, ó rẹ ẹnu wọn. Mo ti rí ẹran tí ọfà bà tó ń rìn lọ tí kò tíì mọ̀ pé òun ti kú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo rí obìnrin mi.

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni iná sọ nínú oko àwọn ará ìsàlẹ̀. Iná náà ń rìn bí ọmọ ogun, ó ń ké bí ẹgbàágbèje àṣá, ó ń fi ahọ́n pupa lá igi láti ìdí dé orí. Bí mo ti ń sá bọ̀ wálé ni mo gbọ́ igbe kan láti inú ihò igi àràbà kan tí iná ti yí ká. Igbe náà jọ ti ọmọ ènìyàn débi pé ẹsẹ̀ mi dúró kí orí mi tó ní kó dúró. Mo fi ẹ̀wù gbérí mi bo ojú, mo ki ọwọ́ bọ ihò, ohun kan sì fi èékánná gbá ọwọ́ mi mú. Mo fà á jáde, mo dì í mọ́ àyà, mo sì fi iná sílẹ̀ bí ẹni tí ikú ń lé.

Nígbà tí mo dé ilé tí mo tú u sílẹ̀, ológbò ni. Ṣùgbọ́n ológbò wo nìyí? Ní Òkè-Ẹ̀rẹ̀, a mọ ológbò dúdú, a mọ funfun, a mọ aláwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ tó ní ilà lára. Èyí kò jọ ọ̀kan. Àwọ̀ eérú ni láti imú dé ìrù. Mo kọ́kọ́ rò pé eérú iná ló bò ó, mo fi omi wẹ̀ ẹ́, eérú kò ṣí. Irun rẹ̀ nípọn bí tìmùtìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí idẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Ó wò mí, ó wo ilé, ó fi ẹsẹ̀ tí iná ti jó tiro lọ sí ibi tí Ìbídùnní jókòó sí, ó gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùn-hùn-hùn bí ọlọ tí ń lọ àgbàdo lókèèrè.

Ìyàwó mi wo ìsàlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ebi ń pa á."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà tí a ti sin ọmọ wa, n kò tíì gbọ́ kó pè mí bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó yan ẹja, ó rún un fún ológbò, nígbà tí ó sì rún un tán, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó sì bu díẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo fi orí ti ògiri, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó sọ ológbò náà ní Arínálà, nítorí ó rí iná, ó sì là á já.

Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kò pẹ́ tí àìsàn fi wọ àárín adìyẹ ìlú, wọ́n ń tòògbé, wọ́n ń ṣubú bí èso tó rà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé mi. Lẹ́yìn náà ni Olóyè Ṣówándé, ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀ wa, ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, papò dà, ó sì ṣe pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Arínálà gba ojú fèrèsé wọ iyàrá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di ariwo. Àwọn kan ní ọmọ ẹkùn ni, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá gbẹ̀san. Àwọn kan ní ènìyàn ni, ó gbé awọ ẹranko wọ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ ń ká ọwọ́ lérí kiri.

Baálẹ̀ Látúndé ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó, ojú rẹ̀ le bí òkúta odò. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ kò wo ilé, ìwọ kò wo ìran, o sọ ẹranko lórúkọ. Kí ni ẹranko yìí?"

Mo ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ológbò ni."

"Ohun tó jọ ohun ni a fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà jọ pósí èlírí, ṣùgbọ́n a kì í sin òkú sínú èèpo ẹ̀pà. Ó jọ ológbò, mo gbọ́. Ìran ológbò wo? Ta ló bí i? Lọ wá ìran rẹ̀ wá fún mi. Bí o bá wá a tì, a ó dáná sun ún. Bí ìyàwó rẹ kò bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, òun náà yóò fi ìlú yìí sílẹ̀."

Mo délé, mo ro ọ̀rọ̀ náà fún Ìbídùnní. Ó gbé ológbò mọ́ àyà, ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀kan fún ilẹ̀. N kò ní gbé èyí fún iná."

Nígbà tí bàbá mi wà láyé, ó máa ń sọ pé ẹ̀dá kan ń gbé inú Igbó Kòsóhùn tí ń jẹ́ Afimúmọ̀ran, ẹni tí ó mọ ìran gbogbo ohun tó ní irun lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ọ́ tán, yóò fi kún un pé, "Má dé ibẹ̀." Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní òwúrọ̀, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ki Arínálà sínú àpò ọdẹ, mo fi orí rẹ̀ sílẹ̀ síta kó lè máa mí, mo sì dágbére fún ìyàwó mi.

Bí ẹ bá gbọ́ Igbó Kòsóhùn, ẹ má rò pé àpèlé lásán ni. Bí mo ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ibẹ̀, gbogbo ìró ayé kú. Ẹyẹ ń la ẹnu lórí igi, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo tẹ ewé gbígbẹ, ewé fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́, kò dún. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀ ṣá bí ojú òkú. Òjìji àwọn igi kò sì tẹ̀lé igi. Bí igi bá dúró, òjìji rẹ̀ á máa rá pálá bí ẹni ń wá nǹkan. Èrò kan sọ fún mi pé kí n padà. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ọ̀nà tí mo gbà wọlé mọ́. Arínálà gbọ̀n nínú àpò, ó sì tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Ìtọ̀ náà gbóná, ó sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí òun nìkan ni ohun alààyè tí mo mọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo wo òkè ni ìbẹ̀rù ńlá dé. Lára ẹ̀ka gbogbo igi, àwọn nǹkan rọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà, wọ́n ń fì, wọ́n sì ń gbọ̀n. Bí mo ti súnmọ́ ọ̀kan, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú rẹ̀ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n." Mo sún mọ́ òmíràn, ohùn obìnrin ló wà níbẹ̀, òun náà ń sọ ohun kan náà. Irun ara mi dìde bí ti òòrẹ̀.

"Ohùn àwọn onírọ́ ni," ni ohun kan wí lẹ́yìn mi.

Mo yípo. Ẹ̀dá kan dìde láti ìdí igi, ó ń dìde, kò sì dìde tán. Ó ga bí ọ̀pẹ àgbọn, ó tín-ín-rín bí okùn, kò ní ojú lórí, orúnkún rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, àwọn ojú náà kò sì ní ìpéǹpéjú tí wọn yóò fi ṣẹ́. Adènà-má-sùn ni orúkọ rẹ̀, òun ni oníbodè igbó náà. Ó tẹ orúnkún sí iwájú mi títí ojú rẹ̀ fi kan ojú mi.

Ó ní, "Ọmọ aráyé, kí ni o gbé sínú àpò?"

Mo ní, "Ìbéèrè ni mo gbé."

Arínálà sì ké, "Míáò!"

Adènà-má-sùn ní, "Ìbéèrè a máa ké?"

Mo ní, "Èyí tó bá wúwo lọ́kàn ẹni a máa ké, a sì máa tọ̀ sí ni lára pẹ̀lú."

Ó ní, "O kò purọ́. Máa lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ òfin igbó yìí: ẹni tó bá sọ pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀, ohùn rẹ̀ yóò fà yọ lọ́nà ọ̀fun bí ìgbín tí a yọ nínú ìkarahun, a ó sì so ó kọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ló gba ibi yìí kọjá. Àwọn nìyẹn lókè."

Mo ń bá ọ̀nà mi lọ. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òórùn ẹ̀jẹ̀ tútù gba afẹ́fẹ́ kan. Kí n tó gbé ìbọn kúrò léjìká, ẹkùn kan ti dúró lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò rí ẹkùn bẹ́ẹ̀ rí láyé ọdẹ mi. Ó tóbi bí àká tí a kó iṣu kún, àmì ara rẹ̀ ń ṣí, ń pa bí ẹnu, ìrù rẹ̀ sì ń gbá igi wó láì dún. Ìbọn mi di igi lásán lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo ní, "Ògìdán, olólà ijù, akọnilà tí kì í lo abẹ, mo júbà."

Ó ní, "Dìde. Òórùn ìran mi ń ti inú àpò rẹ wá, tàbí òórùn oúnjẹ mi, n kò tíì mọ èyí tí í ṣe. Dá mi lóhùn. Bí o bá ní ọmọ mi ni, a jẹ́ pé olè ni ọ́, o gbé ọmọ mi sá, n ó fà ọ́ ya. Bí o bá ní kì í ṣe ọmọ mi, a jẹ́ pé ẹran ni, n ó jẹ ẹ́ lójú rẹ. Èwo ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí iwájú bá jẹ́ iná, tí ẹ̀yìn jẹ́ omi, ibo ni ènìyàn ń gbà? Mo wá ọgbọ́n títí, ọgbọ́n sá fún mi. Ohun tó kù lẹ́nu mi kò ju òtítọ́ lọ. Mo ní, "Olólà ijù, n kò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ilé mi ni ǹ bá wà, tí ǹ bá máa gúnyán jẹ. Àìmọ̀ ló gbé mi dé iwájú yín."

Ògìdán ní, "Sọ ìran tìrẹ fún mi, kí n mọ̀ bóyá ẹni tó mọ tirẹ̀ ló ń wá ti ẹlòmíràn."

Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́tóyè, ọmọ..." Mo dúró. N kò mọ ẹni tó bí Ọdẹ́tóyè. Mo fẹ́ dá orúkọ kan sílẹ̀ kí ojú má tì mí, bí orúkọ náà sì ti ń bọ̀ lẹ́nu mi báyìí, mo mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan gbá gògóńgò mi mú láti inú, ó ń fà á lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lórí igi, ìtẹ́ kan tó ṣófo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹnu sí mi. Mo kígbe pé, "N kò mọ̀ ọ́n! Ibẹ̀ ni mo mọ ìran mi mọ!" Ọ̀fun mi sì tú.

Ẹkùn náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ mú ilẹ̀ mì. Ó na orí sí àpò láti gbọ́ òórùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí Arínálà ṣe? Ẹranko kékeré yìí, tó ń gbọ̀n bí ewé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jinná, wú bí àkàrà inú epo, ó fọn bí ejò, ó sì fi èékánná ya imú Ògìdán pẹ́rẹ́! Mo di ojú. Mo ń retí ikú.

Ikú kò dé. Nígbà tí mo la ojú, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ń kán ní imú ẹkùn, ó sì ń wo ológbò bí ẹni tí a bi ní àlọ́ tí kò lè já. Ó ní, "Ọmọ mi kò tó bẹ́ẹ̀ láti gbá mi lójú. Ẹran ìjẹ mi kò sì jẹ́ ṣe é. Kí wá ni? Ọmọ aráyé, àìmọ̀ rẹ ti ràn mí. Tẹ̀ lé mi, a jọ ń lọ bá Afimúmọ̀ran ni."

Ìdí àpáta ńlá kan ló mú mi dé. Ibẹ̀ ni Afimúmọ̀ran jókòó sí, ẹ̀dá arúgbó tí kò ní ẹyinjú, tí kò ní etí, imú àti ẹnu nìkan ló kún ojú rẹ̀. Irun gbogbo ẹranko ilé ayé ló hù lára rẹ̀ lábùlábù, ibi kan rí bí ti ewúrẹ́, ibi kan bí ti ìkookò, ibi kan bí ti ẹdun. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ìyá àgbà tó ń tu ọmọ nínú, ìrọ̀rùn ohùn náà sì ni mo bẹ̀rù jù.

Ó ní, "Mo mọ ìdí tí o fi wá. Imú ni mo fi ń gbọ́ òórùn ìran, ṣùgbọ́n ahọ́n ni mo fi ń kà á dájú. Gbé e sí mi lẹ́nu."

Ó la ẹnu. Inú ẹnu náà ṣókùnkùn bí kànga. Mo wo ẹnu, mo wo ológbò, Arínálà sì fi èékánná dì mọ́ àyà mi bí ọjọ́ tí mo yọ ọ́ nínú iná.

Afimúmọ̀ran ní, "N ó pa ẹnu dé. Ohun yòówù kí o gbọ́ lẹ́yìn rẹ, má yípo, má sì rìn. Bí o bá kúrò níbi tí o dúró sí, n ó gbé e mì."

Mo tú èékánná rẹ̀ kúrò lára mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo gbé e lé ahọ́n náà. Ẹnu pa dé. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn mi, òun gan-an, pẹ̀lú ẹkún rẹ̀.

"Ọdẹ́rìnlọ! Ọdẹ́rìnlọ! Wọ́n ti dáná sun ilé o! Iná ti mú aṣọ mi! Ọdẹ́rìnlọ, gbà mí!"

Mo gbọ́ ìró iná, mo gbọ́ òórùn irun tó ń jó. Ara mi ti fẹ́ yípo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ìbídùnní ti wọlé mi bí ìyàwó, kò fi orúkọ pè mí rí láyé rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa. Ká ní iná ń jó o títí dé eegun, "Bàbá Àyọ̀ká" ni yóò pè. Mo fi eyín di ètè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí àgbọ̀n mi, mo sì dúró bí òpó ilé. Ohùn náà ké, ó ké, ó wá di ohùn àgbà ọkùnrin, ó di ohùn ewúrẹ́, ó sì kú.

Afimúmọ̀ran la ẹnu. Arínálà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó rin gbingbin, inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Mo gbá a mú.

Arúgbó náà ní, "Irun rẹ̀ jẹ́ méjì lórí ara wọn, ti abẹ́ rọ̀, ó sì nípọn. Ilẹ̀ òtútù ni irun bẹ́ẹ̀ ti ń hù. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé ìyá ńlá rẹ̀ wá láti òkè òkun, láti ilẹ̀ tí àwọn ológbò aláwọ̀ eérú pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ìrù rẹ̀ sí oòrùn, wàá rí ilà tó fara sin níbẹ̀. Ilà yẹn, ti ológbò inú àká yín ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn, ó lè jẹ́ pé ológbò igbó kan dá sí i lójú ọ̀nà."

Mo ní, "Baba, 'ó lè jẹ́' ni ẹ ń sọ. Ìlú mi fẹ́ 'ó jẹ́'."

Ó ní, "Èmi náà ní ohùn tí n kò fẹ́ kí wọ́n so kọ́ igi. Omi tó ti ibi púpọ̀ wá pàdé ara wọn, ta ló lè bu ti odò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀? Ohun tí mo mọ̀ láìsí àní-àní ni èyí: kò sí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lára rẹ̀, kò sí èpè, kì í sì í ṣe ọmọ ẹkùn. Òórùn èéfín àdògán wà ní ìdí irun rẹ̀. Ó ti sùn nínú ilé rí. Ẹnì kan ti gbé e lé itan rí kí ìwọ tó rí i."

Ògìdán mí kanlẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé ẹran tí kò sẹ́ni tó mọ ìran rẹ̀ ló ya mí nímú." Ó yí padà, ó wọ igbó lọ, ọ̀nà ilé mi sì là gbọọrọ níbi tó gbà kọjá.

Bí mo ti ń lọ sílé, ẹ̀rù mìíràn dé bá mi. Ní Òkè-Ẹ̀rẹ̀, kò sí igi tí ń so ohùn onírọ́ kọ́. Mo lè sọ pé ológbò ọba ni, mo lè sọ pé àwọn ẹ̀dá igbó búra fún mi. Ta ni yóò mọ̀? Àyà mi ń sọ pé kí n purọ́, kí n gba ilé mi là. Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Mo bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn níwájú ilé mi. Wọ́n ti kó igi jọ. Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ láyà. Baálẹ̀ Látúndé jókòó sórí àga, ó ní, "Kí ni ìran rẹ̀?"

Mo wo ojú ìyàwó mi, mo sì rí i pé bí mo bá purọ́, èmi àti irọ́ náà ni yóò jọ máa gbé inú ilé kan náà. Mo ro gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, láìfi kún un. Nígbà tí mo dé ibi "ó lè jẹ́," ariwo sọ. Wọ́n ní, "Kò mọ̀ ọ́n! Ẹ ṣáná!"

Ìbídùnní rìn wá sí àárín wa. Ó gba ológbò lọ́wọ́ mi, ó jókòó sórí igi tí wọ́n kó jọ, ó sì ní, "Baálẹ̀, mo mọ ìran ọmọ mi láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ìyá. Mímọ̀ náà kò dá a dúró fún mi. Èyí tí n kò mọ ìran rẹ̀ ló ní kí n jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ ṣáná, ẹ ṣá a."

Baálẹ̀ dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn súnmọ́ wa. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, débi pé àwọn ará ẹ̀yìn kò gbọ́. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, èmi ni àgbà tó kù. Mo ń wá ohun tó pa á, kí n lè pa á kó tó kàn mí."

Mo ní, "Baálẹ̀, ẹ̀rù bà mí kọjá bẹ́ẹ̀, níbi tí mo ti wá yìí. Ogbó àti àìsàn ló mú Olóyè lọ."

Lẹ́yìn náà ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀yìn Arínálà bí ẹni ń tọ́ epo gbígbóná wò. Ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Baálẹ̀ fà ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Kí ló ń kùn nínú rẹ̀?"

Ìbídùnní ní, "Ara ló tù ú, Baálẹ̀."

Bàbá náà tún gbé ọwọ́ padà, ọwọ́ odindi lọ́tẹ̀ yìí, kò sì tètè gbé e kúrò. Ó ní kí wọ́n kó igi wọn lọ sílé, kí wọ́n fi se oúnjẹ.

N kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Adìyẹ ṣì kú títí òjò fi dé. Àwọn kan ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí wọ́n má baà gba iwájú ilé mi títí tí wọ́n fi wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Arínálà bímọ, gbogbo ìlú ló wá yọjú, wọ́n fẹ́ fi ọmọ mọ ìyá. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa bí ìyẹ̀pẹ̀, ọ̀kan sì ní ilà káàkiri ara. Kò sí aláwọ̀ eérú kankan nínú wọn. Ìbídùnní wò wọ́n, ó wo ojú àwọn àgbààgbà tó tẹ̀ síwájú tí wọ́n ń ya ẹnu, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ jáde dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: kì í ṣe gbogbo ohun tí a kò mọ̀ ni ọ̀tá wa, ẹ̀rù ló ń fún un ní ìwo àti èékánná. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kì í pa ènìyàn, mo ti dán an wò níwájú ẹkùn. Bí ohun kan bá sì ké nínú iná, ẹ yọ ọ́ ná kí ẹ tó bi í pé ọmọ ta ni. Ẹ̀rù kò ní sọ ilé yín di ahoro, àlejò rere ni yóò kan ilẹ̀kùn yín. Ó yá, ẹ dìde, ẹ máa lọ jẹun. Ẹnu mi ti gbẹ.